Ta Ló Ní Orúnkún Mi Ti Gbà?

Iná aláwọ̀ ewé tàn lórí àga náà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìgbànú méjì ti yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti dì mí mọ́ ọn ní ìbàdí bí ẹrù orí ọ̀kadà.

“Bọ̀dá Jímọ̀! Kí ni wọ́n ń dì mí fún?”

“Jókòó jẹ́ẹ́, Ìbídùn. Wọ́n ní o ti gbà.”

“Mo gba kí ni? Mo ti lanu ni?”

Mi ò lanu lóòótọ́. Ta ló fẹ́ lanu? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi ti wú bí ẹni fi odindi ẹ̀kọ há a. Láti ọjọ́ mélòó kan, omi àti ọbẹ̀ tí wọ́n sẹ́ nìkan ló ń gba ọ̀fun mi kọjá, àwọn náà sì ń gbà á pẹ̀lú omijé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo sì gbọ́ nínú èdè ìlú Tórválì yìí: ẹ káàárọ̀, ẹ ṣé, àti orúkọ búrẹ́dì kan tí mo fẹ́ràn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni mo fi bá àga ṣe àdéhùn?

Bọ̀dá Jímọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Òun ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá, pé iṣẹ́ wà nínú àwọn ilé gogoro tí wọ́n ti ń gbin tòmátì sórí ara wọn bí àpótí bíà, iṣẹ́ sì wà lóòótọ́. Ó ti pẹ́ níbí débi pé èdè wọn ló fi ń lálàá. Ṣùgbọ́n bí a ṣe wọlé, obìnrin ẹnu ọ̀nà lẹ bébà búlúù kan mọ́ ọn láyà. Àwòrán ẹnu ló wà lára bébà náà, wọ́n sì fa ìlà kọjá lórí ẹnu ọ̀hún. Mo bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe! Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn.

“Bọ̀dá, ẹ wò mí lójú. Ta ló sọ pé mo gbà?”

Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó nàka sí àjà. Iná kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń tàn yẹ́lò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ohun kan sọ̀kalẹ̀ sí bí ìwo ìgbín, dígí yíyípo sì wà lórí rẹ̀. Dígí náà ń wò mí.

“Yẹ́lò yẹn, ó túmọ̀ sí pé etí ilé ò gbọ́ èdè rẹ. Ogójì èdè ni wọ́n kọ́ ọ. Tiwa ò sí níbẹ̀. Bí etí ò bá ti gbọ́ ènìyàn, ojú á ka ara rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ orí ba, ó ti gbà nìyẹn.”

“Ẹni tó bá wá kúnlẹ̀ ńkọ́?”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

“Ó gba gbogbo rẹ̀.”

Mo wo orúnkún mi méjèèjì.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo wọlé, mo bá dókítà eléyín lórí ìdúró. Dókítà Hẹ́lká ni wọ́n ń pè é. Arúgbó ni, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ìyá-ìyá mi ò jù ú lọ. Kí ni ọmọ tí wọ́n bí ní Ìgànnà máa ṣe tó bá rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀? Mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, mo tẹrí ba, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà.” Èyí tí mo fi bọ̀wọ̀ fún ìyá náà ni àjà ilé wọn kà sí pé kí wọ́n ṣe mí bó ṣe wù wọ́n.

Ògiri iwájú mi wá mọ́lẹ̀. Ẹnu mi ló hàn níbẹ̀, ó tóbi bí ilẹ̀kùn gáréèjì. Eyín ẹ̀yìn tó ń pa mí kú lọ wà níbẹ̀ lápá òsì nísàlẹ̀, wọ́n kùn ún ní pupa. Èyí dára, òun náà ni mo wá fún. Àmọ́ pupa míràn tún tàn níwájú, láàárín eyín òkè méjèèjì. Mo rí i tí nǹkan funfun kan rọra wọ àlàfo yẹn, ó dí i pa, kò ku ihò kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé odindi ojú mi jáde, pẹ̀lú eyín tuntun tó tò gbọọrọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí fọ́tò ẹni tó fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀.

“Bọ̀dá. Èjí mi ni wọ́n ń dí yẹn?”

“Àbùkù ni wọ́n ń pè é níbí. Àlàfo. Wọ́n ní oúnjẹ máa ń há síbẹ̀.”

“Oúnjẹ wo? Oúnjẹ ta ni? Èjí tí ìyá mi ní, tí èmi ní, tí wọ́n bí mọ́ Ìyùnadé ọmọ mi lẹ́nu! Ta ló fẹjọ́ èjí sùn wọ́n?”

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ìyùnadé. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló wà nílé. Ní ìrọ̀lẹ́, tí a bá ti rí ara wa nínú dígí ìpè, kì í kọ́kọ́ kí mi. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Mọ́mì, ẹ yọ ọ́!” Èmi á sì fi ṣóńṣó ahọ́n yọ lójú èjí, òun náà á yọ tirẹ̀, á wá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó máa ń gbà pé èmi ni, pé kì í ṣe àwòrán kan lásán ni wọ́n gbé síwájú òun. Kí wọ́n dí i? Kí n wá fi kí ni jẹ́rìí fún ọmọ mi pé èmi ni ìyá rẹ̀?

Mo di ìgbànú mú. “Mo ń lọ. Ẹ sọ fún àga yìí kó tú mi.”

“Tí o bá tẹ irin ìgbànú yẹn, á tú ọ. Ta ló fẹ́ fi tipá mú ọ?” Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí o gbà, odindi ni. Tí o bá dìde kúrò nídìí ẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan èyí tó ń dùn ọ́ náà. Kò sì sí ilé eyín kankan ní gbogbo ìlú yìí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí fún ọ mọ́ títí ìgbà òtútù yìí á fi parí. Ìbídùn, wo ọrùn rẹ nínú dígí. Wíwú yẹn ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ọyún ti wà níbẹ̀. Ó ń pa ènìyàn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́.”

Mi ò nílò kí ó sọ fún mi. Lóru, mo ti ń gbọ́ tí ẹ̀mí mi ń dún fíì-fíì bí táyà tó ń jò.

Ohun tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn o. Kí n gba ẹ̀mí mi kí n fi ojú mi sílẹ̀, tàbí kí n gbé ojú mi lọ sílé kí n lọ kú síbẹ̀.

Dókítà Hẹ́lká sọ nǹkan, ohùn rẹ̀ rọra. Ó la ẹnu tirẹ̀ láti fi hàn mí: ẹ yà á báyìí. Apá irin kan ti na ara rẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé nǹkan funfun kékeré dání, ó ń rùn bí ọ̀rá tó jóná. Mo pa ètè mi pọ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè sí ojú tó wà lájà: rárá! Iná ewé ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó tún tàn padà bí ẹni tí kò rí mi.

Mo wá kọjú sí ìyá náà fúnra rẹ̀. Mo nàka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi àtàǹpàkò bo èjí mi, mo mi ìka kejì sí i lójú pé èyí kọ́, èyí kọ́, ẹ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ó yé e! Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ó yíjú sí ògiri, ó sọ̀rọ̀. Ògiri dá a lóhùn pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tó mọ́ tónítóní, ohùn ẹni tí kò jẹ ata rí. Dókítà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ga díẹ̀. Ògiri tún dáhùn, kò yí ohùn padà. Ìyá náà sọ ọwọ́ sílẹ̀.

“Kí ni wọ́n ń wí?”

“Dókítà sọ fún un pé o kọ̀. Ilé ní ohun tí ara rẹ sọ ṣáájú ti wọlé ná. Ó ní ẹnu nìkan ló lè mú un jáde, ẹnu tí etí òun gbọ́.”

“Kí dókítà fi ẹnu tirẹ̀ bá mi sọ ọ́.”

“Kò lè sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Etí gbọ́ yín.”

Ó fi ìka kan bébà búlúù tó wà láyà rẹ̀. “Òfin ò ní kí n má bá ìwọ sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ̀ ni kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ kí n gbé e fún wọn. Wọ́n ní láyé ọjọ́un, ògbufọ̀ kan túmọ̀ ọ̀rọ̀ aláìsàn sódì, aláìsàn náà kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fòfin de ògbufọ̀.”

“Ẹnìkan se ìrẹsì, ó jóná, wọ́n wá fòfin de ìkòkò! Tí wọ́n bá wá mú yín, kí ni wọ́n máa ṣe fún yín? Ẹ̀wọ̀n ni?”

“Kò sí ẹ̀wọ̀n nínú ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú. “Wọ́n á yọ mí kúrò lára àwọn tí etí gbọ́ ni. Ó tán. Báńkì ò ní gbọ́ mi. Bọ́ọ̀sì ò ní gbọ́ mi. Ilẹ̀kùn ilé tí mo ń gbé ò ní gbọ́ mi. Ara mi ni wọ́n á máa kà, bí wọ́n ṣe ń ka tìrẹ. Ìwọ dé lánàá òde yìí, Ìbídùn. O ò mọ ohun tí ojú mi rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ mi.”

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ìbínú ò jẹ́ kí n gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni nǹkan kan ti ń ṣe mí bí mo bá rí ẹ̀rín rẹ̀, tí mi ò mọ ohun tó jẹ́. Eyín rẹ̀ tò gbọọrọ. Ó tò bí èyí tó wà lára ògiri yẹn. Ọkùnrin tí gbogbo Ìgànnà ń pè ní Jímọ̀ Eléèjí! Tó ń súfèé lójú èjí láti orí pápá bọ́ọ̀lù, tí a ó sì gbọ́ ọ nínú ilé!

“Bọ̀dá,” mo ní, “èjí yín dà?”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Èjí yín dà, mo ní?”

“Ó ti pẹ́.”

“Ṣé ẹ kí wọn ni?”

“Bàbá arúgbó ni dókítà ìgbà yẹn.” Ó ń wo bàtà rẹ̀. “Mo dọ̀bálẹ̀.”

“Ẹ dọ̀bálẹ̀?”

“Gbalaja. Mo fi àyà kanlẹ̀. Wọ́n dí èjí, wọ́n sì tún yọ eyín méjì tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìgbà tí mo jí ni mo tó mọ̀.”

Ká ní ọjọ́ míràn ni, ká ní ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí inú á fi dùn mí. Ọjọ́ yìí, ńṣe ni mo nàka sí i lójú.

“Ẹ mọ̀. Ẹ mọ ohun tó wà níbí, ẹ sì mú mi gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ ò sọ fún mi pé, ‘Ìbídùn, má kúnlẹ̀.’”

“Mo fẹ́ sọ ọ́!” Ohùn rẹ̀ já. “Láti ilé ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ti la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Báwo ni màá ṣe sọ fún ọmọ bàbá mi pé tó bá rí àgbàlagbà, kó dúró gan-an bí igi kó máa wò ó? Ọ̀rọ̀ yẹn kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi.”

“Wọ́n dí èjí yín, Bọ̀dá. Ó yé mi. Ta ló wá dí ẹnu yín?”

“Má rí mi fín, Ìbídùn!”

“Mi ò rí yín fín. Àga ni wọ́n dè mí mọ́, tí mo bá fẹ́ rí yín fín, mi ò lè dìde ṣe é dáadáa!”

Apá irin náà ti dé. Kò dúró kí ìjà ẹbí parí. Ó ti nǹkan kan bí ìdérí ìgò sí àárín ètè mi láti yà á, tútù rẹ̀ kan erìgì mi. Mo gé e jẹ. Mo fi gbogbo eyín tó kù lẹ́nu mi gé e jẹ bí ajá, ìrora sì ta láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ gun àtàrí, mo rí ìràwọ̀, nǹkan kíkorò sì tú sí mi lẹ́nu. Apá náà fà sẹ́yìn. Ó yí ara rẹ̀ po, ó tún ń gba ọ̀nà míràn bọ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oorun lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn wà fún. Tí mo bá sùn báyìí, wọ́n á jí mi pẹ̀lú ojú káńsẹ́lọ̀.

“Bọ̀dá Jímọ̀!” Ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi. “Bọ̀dá Eléèjí!”

Mo gbọ́ ìró bébà tó ya.

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà mìíràn tó bá ń sọ èdè wọn, ohùn rẹ̀ máa ń tín-ín-rín, á máa rọra, á dà bí ẹni tó ń tọrọ àyè níwájú ẹni tó ń sùn. Ti òní yàtọ̀. Èdè wọn ló ń sọ, àmọ́ ohùn pápá bọ́ọ̀lù Ìgànnà ló fi ń sọ ọ́. Ó nàka sí mi, mo gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀. Ó nàka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó fi ìka lu eyín iwájú tirẹ̀, kò-kò-kò, ó sì sọ̀rọ̀ kan gígùn nípa ìyẹn, tí mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń gbèjà tàbí ara rẹ̀. Kò sinmi. Àfi bí ẹni tó ti kó o jọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Apá irin dúró lójú òfurufú. Iná ewé kú. Ògiri pa ojú káńsẹ́lọ̀ rẹ́, pupa tó wà níwájú lọ, ó ku ti ẹ̀yìn nìkan. Etí ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ etí ilé yẹn, wọ́n á lò ó, ìyẹn ni òfin wọn. Ẹni tó gbé e wọlé ni wọ́n máa ń mú.

Ìwo ìgbín tó wà lájà rọra kúrò lórí mi. Ó yí sọ́dọ̀ Bọ̀dá Jímọ̀. Ògiri sọ gbólóhùn kan ṣókí.

“Kí ló wí?”

“Nǹkan tí mo sọ fún ọ pé á wí.” Ó ṣì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. “Ó tún ní ìgbà ìkẹyìn tí òun máa sọ̀rọ̀ fún mi nìyẹn. La ẹnu rẹ, jàre, kí wọ́n yọ eyín burúkú yẹn kúrò.”

Dókítà Hẹ́lká fọwọ́ ti apá irin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan tó há, ó fà á tipátipá, ó sì mú abẹ́rẹ́ kékeré àti ẹ̀mú jáde níbẹ̀, ẹ̀mú gidi, irin lásán, tí kì í sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ìdí tí kò fi jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é. Bóyá ojú ń tì í. Bóyá inú ń bí òun náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo gbọ́ nínú èdè rẹ̀, kò sì sí èyí tí mo lè fi bi í. Ó fún mi lábẹ́rẹ́, ó dúró kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú, ó fi orúnkún ti àga, ó sì fà á. Ọyún tó tẹ̀ lé e, ẹ má bi mí.

Nígbà tí ìgbànú tú, mo dìde, ara mi fúyẹ́, orí mi ń yí. Mo kọjú sí ìyá náà láti dúpẹ́. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí n tó rántí, kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí mo ti ń rìn ló ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bọ̀dá Jímọ̀ kì mí mú lábíyá, ó gbé mi nàró.

“Dúró ṣánṣán!”

Mo dúró ṣánṣán. Mo sọ ẹ ṣé ní èdè wọn, pẹ̀lú òwú lẹ́nu. Dókítà ń wò wá.

Lẹ́nu ọ̀nà, Bọ̀dá sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀kùn bó ṣe sọ nígbà tí a ń wọlé. Iná yẹ́lò ló tàn. Ó tún un sọ, ó pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan létòlétò. Yẹ́lò náà ni. Àwòrán kan yọ lára dígí ilẹ̀kùn: ọkùnrin, ọfà, àpótí kan. Ojú kékeré kan sọ̀kalẹ̀ sí iwájú rẹ̀, ó ń dúró dè é.

“Kí ni wọ́n ń bi yín?”

“Mi ò mọ̀,” ó ní. “Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àwòrán ni wọ́n ń fi hàn mí.”

Ó mú ọrùn rẹ̀ le gan-an. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè. Ilẹ̀kùn rò ó díẹ̀ kó tó ṣí.

Òtútù gbá wa lójú. Lórí gbogbo òpó iná àdúgbò náà, dígí yíyípo kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, mi ò ṣàkíyèsí wọn rí. Ọkùnrin yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tó fi gbogbo ohun tó ní nílùú yìí san èjí mi, ó ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú àpò. Àgbà mi ni. Kí ni wọ́n ń fi dúpẹ́ irú rẹ̀? Ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹnu lásán ni?

“Bọ̀dá,” mo ní.

“Má ṣe é níbí.” Kò wò mí. “Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ojú wà lórí òpó. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ní o gbà.”

Mo nàró bí òpó wọn. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi gààràgà, bí ẹni tó fẹ́ bá a jà, mo ní, “Ẹ ṣé.” Kò sí ohun tí mo tíì ṣe láyé mi tó rí bẹ́ẹ̀ lára mi. Mi ò ní dárí jì wọ́n. Eyín, mo lè gbàgbé ẹ̀. Àga, mo lè gbàgbé ẹ̀. Pé mo dúró gan-an bí aláìlẹ́kọ̀ọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Jímọ̀ Eléèjí ní ojú títì, mi ò ní gbàgbé ẹ̀.

“Nílé ńkọ́?” mo bi í. “Ṣé ojú wà nínú ilé yín?”

“Ó wà ní pálọ̀.” Ó ronú. “Kò sí ní kíṣìnnì.”

Mo ki ahọ́n bọ èjí mi, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, mo fà á.

“Ẹ jẹ́ ká yára, Bọ̀dá,” mo ní. “Orúnkún ń dùn mí ju eyín lọ.”